Ẹ̀yin ọ̀gá, gíábọ́ọ̀sì wo ni kí n gbé sínú Chevelle 1970 mi?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni mo ń gbé. Ẹ́ńjìnnì 350 ló wà nínú Chevelle mi, kábúrétọ̀ ló ń lò, gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ sì ni TH350 oní-gíà mẹ́ta. Nínú ìlú, kò sí wàhálà. Àfi tí mo bá gun títì márosẹ̀: 3.73 ni gíà ẹ̀yìn, tí mo bá ti ń sá máìlì 65 ní wákàtí, abẹ́rẹ́ RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) ti kọjá 3,000 nìyẹn. Ariwo ẹ́ńjìnnì á pọ̀ débi pé èmi àtìyàwó mi á máa pariwo síra wa bí ẹni ń jà. Ó ti ní òun ò wọ̀ ọ́ mọ́.

Mo fẹ́ gbé oní-gíà mẹ́rin sí i. 700R4 dùn mọ́ mi: gíà kìíní rẹ̀ jẹ́ 3.06, ìkẹrin 0.70, èyí tí yóò dín RPM kù lórí títì márosẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gùn ju tèmi lọ, màá ní láti gé propeller (ọ̀pá tó ń gbé agbára láti gíábọ́ọ̀sì lọ sẹ́yìn). Mo fi téèpù wọn 200-4R. Ìyẹn ò ní kí n gé nǹkan kan, irin tó gbé e nísàlẹ̀ nìkan ni màá sún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n mẹkáníìkì mi ní kò lágbára tó. 4L60E ń fẹ́ kọ̀ǹpútà, mo ti gbàgbé ìyẹn.

Mo mọ̀ pé kéèbù TV tí 700R4 àti 200-4R ń lò (wáyà tó so gíábọ́ọ̀sì mọ́ kábúrétọ̀, kì í ṣe ti tẹlifíṣọ̀n) ò ṣeé fi ṣeré. Ọ̀rẹ́ mi kan ò so tiẹ̀ dáadáa mọ́ kábúrétọ̀. Ká tó wí ká tó fọ̀, epo inú gíábọ́ọ̀sì ti dúdú, ó ń rùn bíi búrẹ́dì tó jóná.

Fún mọ́tò ṣọ́ọ̀ṣì àti òde àríyá, tí kì í sáré ìje, èwo nínú 700R4 àti 200-4R ni kí n rà?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ sílẹ̀ ná.