Wọ́n fẹ́ gé igi òpópónà wa ní Ìjẹ̀bú-Òde: irú ìrọ́pò wo ni kí a béèrè fún?

Ọmọ Ọbańta

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi, ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Ọ̀rọ̀ igi ni mo gbé wá. Ní òpópónà wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn tó gba iṣẹ́ títì ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí gbogbo igi tó wà ní apá ọ̀tún, láti oríta títí dé ẹnu géètì ilé ẹ̀kọ́: dóńgóyárò, máńgòrò, furúùtù mélòó kan, akòko kan tí wọ́n máa ń wá já ewé rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi ẹnìkan joyè, àti iṣin ńlá kan tí àwọn àgbà àdúgbò sọ pé ó ti tóbi kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní 1976. Wọ́n fẹ́ mú títì fẹ̀ sí i, wọ́n sì fẹ́ la gọ́tà tuntun.

Mi ò bá gọ́tà jà. Ẹni tó bá mọ bí omi ṣe ń ya wọ ṣọ́ọ̀bù nínú oṣù Kẹfà kò ní sọ pé kí wọ́n má la gọ́tà. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀dà kan náà ni wọ́n fi kun gbogbo wọn, àti èyí tó ti ń kú láti orí, àti èyí tí ara rẹ̀ le koko, àti èyí tó wà lójú ọ̀nà gọ́tà, àti èyí tó jìnnà sí i. Nígbà tí a béèrè, wọ́n ní àwọn yóò gbin òmíràn. A ti gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ní òpópónà kan tí kò jìnnà sí tiwa, wọ́n gbin igi lẹ́yìn tí títì parí, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Ewúrẹ́ jẹ díẹ̀, ọyẹ́ pa ìyókù, irin tí wọ́n fi ṣe ọgbà yí wọn ká ló ṣẹ́ kù.

Abẹ́ iṣin yẹn ni àwọn ìyá tó ń sun àgbàdo ń jókòó sí, ibẹ̀ ni àwọn ọlọ́kadà ń dúró, ibẹ̀ náà ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń sá sí bí oòrùn ọ̀sán bá mú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, kí ni ó yẹ kí wọ́n wò lára igi kí wọ́n tó sọ pé kí ó lọ? Ta ni ó láṣẹ láti sọ ọ́? Bí ó bá sì di dandan kí wọ́n gé e, irú ìrọ́pò wo ni a lè pè ní ìrọ́pò gidi?

Àgbà Igbó

Ẹ kú ìtọ́jú àdúgbò. Iṣẹ́ igbó ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ní igbó ọba Ọmọ ní Ìjẹ̀bú Ìlà-Oòrùn. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀dà pupa yẹn, nítorí ibẹ̀ ni nǹkan ti wọ́. A kì í dá ẹjọ́ igi lápapọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni à ń wò ó.

Ẹni tó mọṣẹ́ yóò kọ́kọ́ yí ìdí igi ká. Yóò wò ó bóyá olú ń hù níbi tí gbòǹgbò ti pàdé ìtì, bóyá ilẹ̀ wú sókè ní apá kan lẹ́yìn ìjì, bóyá igi ti ń là níbi tí ẹ̀ka ńlá méjì ti ya ara wọn. Yóò fi òòlù onígi gbá ìtì náà yípo kí ó lè gbọ́ ibi tó ti ń dún bí ìlù. Ihò inú ìtì nìkan kò tó láti dá igi lẹ́bi, nítorí apá tó wà láàyè lára igi wà lóde, lábẹ́ èèpo, ọ̀pọ̀ igi tí inú wọn ti jẹ ló sì dúró gbọingbọin. Èyí tó ti ń kú láti orí tí ẹ sọ yẹn, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀ka tó kú nìkan jẹ́ ohun tí wọ́n máa gé kúrò. Bí ẹ bá wo ibi tí ẹ̀ka ti yọ lára ìtì, ẹ ó rí i pé èèpo ibẹ̀ wú díẹ̀ yí ìdí ẹ̀ka náà ká. Iwájú ibi tó wú yẹn gan-an ni kí ayùn gbà, kí ó má jẹ ẹ́ wọlé, kí ó má sì fi kùkùté gígùn sílẹ̀, nítorí láti ibẹ̀ ni èèpo tuntun ti ń wá bo ojú ọgbẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n bẹ́ orí igi kankan o. Igi tí wọ́n bẹ́ lórí a máa rú ẹ̀ka wẹ́wẹ́ tí kò di ìtì mú dáadáa, irú wọn ni ìjì ń já lé ọkọ̀ àti wáyà iná.

Ọ̀rọ̀ gọ́tà le ju èyí lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé gbòǹgbò igi ń lọ sí ìsàlẹ̀ jìnnà, bẹ́ẹ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà láàárín nǹkan bí 60 sẹ̀ǹtímítà àkọ́kọ́ nínú ilẹ̀, ó sì tẹ́ lọ kọjá ibi tí òjìji ẹ̀ka dé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlànà àwọn kọ́lékọ́lé ni pé kí wọ́n wọn ìbú ìtì ní mítà 1.5 sókè ilẹ̀, kí wọ́n sọ ọ́ di ìlọ́po 12, kí wọ́n sì dáàbò bo gbogbo ilẹ̀ tó wà láàárín ibẹ̀. Igi tí ìtì rẹ̀ fẹ̀ ní 50 sẹ̀ǹtímítà yóò gba mítà 6 ní ìhà gbogbo. Mo mọ̀ pé òpópónà Ìjẹ̀bú-Òde kò láyè tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ó yẹ kí a mọ ohun tí à ń gé nígbà tí katakata bá wọlẹ̀: gbòǹgbò tó di igi mú ni. Igi tí wọ́n gbẹ́ gọ́tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí rẹ̀ lè rúwé dáadáa fún ọdún kan tàbí méjì, kí ó tó wó lu èèyàn nínú ìjì. Nítorí náà, èyí tí gọ́tà máa gba ìdí rẹ̀ kọjá, mo fara mọ́ ọn pé kí wọ́n gé e lónìí. Ṣùgbọ́n ti iṣin, ẹ bẹ̀ wọ́n kí gọ́tà yà fún un, tàbí kí wọ́n gbé e gba apá òdìkejì ní ibẹ̀ nìkan, kí wọ́n sì fi ọkọ́ àti ṣọ́bìrì gbẹ́ ìwọ̀nba tó bá sún mọ́ ọn.

Lórí ìrọ́pò, ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní ọ̀kan fún ọ̀kan. Bí a bá fi ojú kùkùté ṣírò, igi tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 60 sẹ̀ǹtímítà tó ìlọ́po 36 èyí tí tirẹ̀ jẹ́ 10. Irú ìṣirò yìí ni wọ́n ń lò ní New York. Ní ìlú Melbourne, ní Ọsirélíà, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá mú kí wọ́n gé igi ìlú yóò san owó gígé, owó gbígbìn, àti iye owó tí wọ́n dá lé igi náà fúnra rẹ̀. Nígbà tí igi bá ti ní iye lórí, kíá ni àwọn tó ń ya àwòrán títì máa ń rí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà yẹ̀ ẹ́.

Amòfin Ará Rẹ́mọ

Mo fẹ́ dáhùn ìbéèrè ti àṣẹ. Àfikún Kẹrin nínú òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999 ka títì, gọ́tà, ọgbà ìgbafẹ́ àti gbàgede ìlú mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí, kí ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ igbó, kí ẹgbẹ́ onílé àdúgbò sì fọwọ́ sí i. Ẹ béèrè fún ìwé iṣẹ́ náà, kí ẹ wo ohun tí ó sọ nípa igi.

Inú ìwé iṣẹ́ gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Ní ìlú Sheffield, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba ìlú fọwọ́ sí iṣẹ́ títì ọlọ́dún 25 ní 2012, ìwé náà sì fàyè gba pé kí wọ́n gé igi ojú títì tó 17,500, kí wọ́n sì gbin òmíràn. Wọ́n ti gé ẹgbẹẹgbẹ̀rún kí atótónu àwọn ará ìlú tó mú kí wọ́n dá a dúró ní 2018, ìwádìí tí èsì rẹ̀ jáde ní 2023 sì bu ẹnu àtẹ́ lu ìwà ìjọba ìlú náà gidigidi. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti buwọ́ lu irú ìwé bẹ́ẹ̀, ó máa ń nira láti dá ọwọ́ agbaṣẹ́ṣe dúró. Bí owó ìbomirin kò bá sí nínú iye tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ sílẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bomi rin ín. Kí ẹ ní kí wọ́n dá apá kan nínú owó agbaṣẹ́ṣe dúró títí igi yóò fi la ẹ̀ẹ̀rùn méjì kọjá.

Ọmọ Ọbańta

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ìpàdé ẹgbẹ́ onílé ń bọ̀, n óò ka ọ̀rọ̀ yín fún wọn. Ó kù kí ẹnìkan sọ irú igi tí a lè ní kí wọ́n gbìn, àti ìgbà tí ó yẹ.

Ìyá Ọlọ́gbìn, Ṣágámù

Ọmọ mi, irúgbìn igi ni mò ń tà, mo sì fẹ́ kí tiyín yè. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe fi irú igi kan ṣoṣo kún òpópónà. Ní Amẹ́ríkà, àìmọye òpópónà ló pàdánù gbogbo igi rẹ̀ nítorí pé igi kan tí wọ́n ń pè ní elm nìkan ni wọ́n gbìn síbẹ̀, àrùn kan ṣoṣo ló sì kó wọn lọ. Ìdí nìyẹn tí Frank Santamour, onímọ̀ igi ará Amẹ́ríkà, fi dábàá ní 1990 pé kí irú igi kan má ju ìdá 10 nínú 100 gbogbo igi ìlú lọ. Ẹ má gba mẹ̀láínà (Gmelina) tí wọ́n gbìn lọ súà ní igbó Ọmọ. Igi oko ni, ó ń yára dàgbà, àyè ńlá ni ó ń fẹ́. Igi tí wọ́n ń pè ní masquerade rẹwà lójú, àmọ́ kò ní òjìji tí ẹnikẹ́ni lè jókòó sí. Àgbálùmọ̀ dára ní ẹ̀gbẹ́ ilé ẹ̀kọ́. Iṣin náà dára, òjìji rẹ̀ tutù, àmọ́ ẹ máa kìlọ̀ fún àwọn ọmọdé, nítorí èso rẹ̀ tí kò bá tíì là fúnra rẹ̀ ní májèlé nínú. Akòko kò le láti gbìn rárá, ẹ̀ka rẹ̀ tí a bá gé gbìn a máa hù.

Kí òjò ti fìdí múlẹ̀ kí wọ́n tó gbìn ín, láàárín oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹfà, kí gbòǹgbò lè rí ilẹ̀ dì mú kí ọyẹ́ tó dé. Kí kòtò fẹ̀ ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ìdì erùpẹ̀ irúgbìn, ṣùgbọ́n kí ó má jìn jù ú lọ, torí igi tí wọ́n bá ri ọrùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ á máa joro. Ẹ dúró tì wọ́n lọ́jọ́ yẹn, kí ẹ rí i pé wọ́n bọ́ nílọ́ọ̀nù dúdú ìdí rẹ̀ kúrò pátápátá. Mo ti hú igi tó kú rí tí nílọ́ọ̀nù rẹ̀ ṣì wà ní ìdí rẹ̀ bí ó ṣe kúrò lọ́wọ́ ẹni tó tà á, tí gbòǹgbò sì ti ká lọ́ra wọn nínú rẹ̀.

Ní Freetown, olú ìlú Sierra Leone, níbi tí ilẹ̀ ti ya lulẹ̀ ní 2017 tí èèyàn tó lé ní 1,000 sì kú tàbí sọnù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ igi gbígbìn ní 2020. Gbogbo igi ló ní nọ́ńbà tirẹ̀, wọ́n sì ń san owó fún àwọn ará àdúgbò tó ń tọ́jú wọn tí wọ́n sì ń fi fóònù fi hàn pé wọ́n wà láàyè. Àwọn ìyá alágbàdo tó wà lábẹ́ iṣin yẹn lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá ń rí nǹkan gbà níbẹ̀, torí ojoojúmọ́ ni wọ́n wà ní ojú títì.

Ní ti ewúrẹ́, irin wọn ló kúrú. Ewúrẹ́ máa ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dìde, nítorí náà ọgbà tí kò bá ga tó àyà àgbàlagbà kò lè dá a dúró. Ẹ kọ bí ó ṣe gbọ́dọ̀ ga tó sínú lẹ́tà yín kí wọ́n tó lọ ra irin.