Igbákejì kóòṣì lacrosse obìnrin ní fásitì Amẹ́ríkà: ibi tí ọ̀nà ti ń là, ibi tó ti ń dí

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń gbá lacrosse (eré bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi ọ̀pá tó ní àwọ̀n lórí gbá) ní Maryland, tó wá ń sọ pé kóòṣì lòun fẹ́ dà, àyè GA (graduate assistant) ló sún mọ́ ọn jù tó bá ti parí dìgírì àkọ́kọ́. Á máa ka másítà, á máa ran kóòṣì lọ́wọ́, ọdún méjì ni lọ́pọ̀ ìgbà. Kó tó buwọ́ lùwé, kó béèrè bóyá gbogbo owó ẹ̀kọ́ ni wọ́n máa san àbí apá kan, bóyá ilé wà níbẹ̀, àti bóyá oṣù méjìlá ni owó á fi máa wọlé àbí mẹ́wàá. Oṣù mẹ́wàá yẹn ló ń dá ọ̀pọ̀ lágara, torí oṣù Kẹfà àti Keje tí owó ò wọlé gan-an ni iṣẹ́ wíwá ọmọ tó máa wá gbá fún ẹgbẹ́ ń gbóná. Tẹ́lẹ̀, Division I (ìpele tó ga jù nínú eré ìdárayá fásitì) ní àyè kóòṣì tí kì í gbowó oṣù. Oṣù Keje 2023 ni wọ́n fòpin sí i.

Ọ̀rọ̀ GA yẹn rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá ní gbogbo nǹkan lòun lè ṣe kì í tètè ríṣẹ́. Ẹni tó máa gbé ẹ̀ka kan lọ́wọ́ ni kóòṣì àgbà ń wá: aṣọ́lé, ẹ̀yìn, tàbí draw, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń fi bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ eré. Draw ni mo máa gba ọmọ nímọ̀ràn pé kó mọ̀ dunjú. Lẹ́yìn góòlù kọ̀ọ̀kan, ọmọ méjì á dúró láàárín, wọ́n á fi ẹ̀yìn ọ̀pá kọ ẹ̀yìn ọ̀pá lókè ìbàdí, rẹfirí á ki bọ́ọ̀lù sáàárín ọ̀pá méjèèjì. Tí fèrè bá dún, òkè ni wọ́n máa fà á sí, bọ́ọ̀lù sì gbọ́dọ̀ ga ju orí wọn lọ. Ọmọ mẹ́ta péré láti ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló wà láàárín pápá nígbà yẹn. Àwọn yòókù ń dúró lẹ́yìn ìlà títí ẹnì kan á fi mú bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá mì kí fèrè tó dún, bọ́ọ̀lù ti di ti ẹlòmíì. Ẹgbẹ́ tó bá ń mú draw lè jẹ góòlù léraléra láìjẹ́ kí ẹgbẹ́ kejì fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù.

Iṣẹ́ igbákejì ni kó wo fídíò gbogbo draw ẹgbẹ́ tí wọ́n fẹ́ pàdé, kó kọ ọ́ sílẹ̀: ọ̀tún ni bọ́ọ̀lù lọ àbí òsì, iwájú àbí ẹ̀yìn, ta ló mú un, ṣé ó yí padà ní kúọ́tà kẹrin tó ti rẹ̀ wọ́n? Ojú ìwé kan péré ni kó fún àwọn ọmọ. Wọn ò ní ka méjì.

Ní ti wíwá ọmọ, òfin ló ń mú àwọn tuntun. Láti 2017, kóòṣì Division I ò gbọ́dọ̀ pe ọmọ tàbí òbí rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ fèsì, àfi tó bá di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án tí ọmọ wọ kíláàsì kọkànlá. Bí òbí bá wá kí ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, kí i, kí o kúrò níbẹ̀. Division III, ìpele kẹta, ò fún ọmọ ní sikọ́láṣíìpù eré ìdárayá rárá, igbákejì níbẹ̀ sì lè máa kọ́ eré méjì pọ̀.

Ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ kúrò-níbí, ìyẹn kí igbákejì kúrò lọ sí fásitì mìíì. Cathy Reese gbá bọ́ọ̀lù fún Fásitì Maryland, ó ṣe igbákejì níbẹ̀, àmọ́ Fásitì Denver ló ti kọ́kọ́ di kóòṣì àgbà kó tó padà wá darí Maryland, tó sì gba ife NCAA (àjọ eré ìdárayá fásitì Amẹ́ríkà) ní 2010, 2014, 2015, 2017 àti 2019. Ẹni tó bá ń dúró kí ọ̀gá òun kúrò lè dúró pẹ́. Tí ọ̀gá bá sì kúrò lóòótọ́, ẹni tuntun sábà máa ń kó àwọn tiẹ̀ wá. Nítorí náà, kí ọmọ wo ìwé àdéhùn rẹ̀ dáadáa: tí ọ̀gá bá lọ láàárín ọdún, oṣù mélòó ni wọ́n ṣì máa san fún un?