Ìgbẹ́ àìrí yà àti àìsàn kíndìnrín: ẹ gba màmá mi nímọ̀ràn

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Màmá mi ti lé ní 70 ọdún, ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá wọn fínra tipẹ́. Dókítà ní àìsàn kíndìnrín wọn ti dé ìpele kẹta nínú márùn-ún, kí wọ́n dín ẹran àti iyọ̀ kù. Ó tún ní kí a wá nǹkan ṣe sí ìgbẹ́ wọn tó máa ń há. Kí ló kan kíndìnrín níbẹ̀? Aládùúgbò kan sì ti gbé àgbo “afọkíndìnrín” wá. Ìkókórẹ́ ni màmá fẹ́ràn jù láyé.

Nọ́ọ̀sì Ṣágámù:
Ó kàn án gan-an, àbúrò mi. Àwọn kòkòrò àìfojúrí ń gbé inú ìfun gbogbo wa. Tí wọ́n bá rí fáíbà (èròjà inú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà tí ara wa kì í lè dà) jẹ, ohun tó ń ṣe ìfun lóore ni wọ́n ń ṣe jáde. Tí fáíbà ò bá tó, ẹran àti ẹyin tí kò dà tán ni wọ́n máa kọjú sí, wọ́n á sọ ọ́ di àwọn èròjà tí à ń pè ní p-cresol àti indole. Ẹ̀dọ̀ á tún sọ indole di májèlé tó ń jẹ́ indoxyl sulfate. Kíndìnrín ló yẹ kó tọ̀ wọ́n dànù. Èyí tó ti rẹ̀ kì í tọ̀ wọ́n tán, wọ́n á kù sínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á sì tún máa ba kíndìnrín náà jẹ́. Bí ìgbẹ́ bá ṣe ń pẹ́ nínú ni májèlé yìí ṣe ń pọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ da àgbo yẹn nù lónìí. Oògùn ìgbẹ́ pàápàá, ẹ má rà á láìsọ fún dókítà, àwọn kan ní mágínísíọ̀mù nínú, kíndìnrín tó ti rẹ̀ kì í sì lè tọ èyí dànù dáadáa.

Ìyá Ìbejì, Ìpẹru:
Ọkọ mi ń lọ fọ ẹ̀jẹ̀, owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, ẹ tètè tọ́jú màmá. Bí mo ṣe ń se ìkókórẹ́ báyìí: mo rin ewùrà, mo fi ata, àlùbọ́sà, edé díẹ̀ àti epo díẹ̀ sí i. Kò sí mágì, kò sí pọ̀nmọ́ rẹpẹtẹ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde:
Ẹ ṣeun, mà. Ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ń kọ́?

Nọ́ọ̀sì Ṣágámù:
Wọ́n ní fáíbà dáadáa, ṣùgbọ́n pòtásíọ̀mù, tí kíndìnrín tó ti rẹ̀ lè má tọ̀ dànù tán, wà nínú wọn, ó wà nínú ewùrà náà. Ẹ wo iye pòtásíọ̀mù nínú èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọn. Tí kò bá ga, kí màmá máa jẹ oúnjẹ wọ̀nyí níwọ̀ntúnwọ̀nsì. Tó bá ga, ẹ bọ ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà, kí ẹ da omi rẹ̀ nù, kí ẹ sì bi onímọ̀ oúnjẹ ilé ìwòsàn yín léèrè ìwọ̀n ewùrà. Iyọ̀ tí wọ́n ń tà fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru, ẹ má rà á fún wọn: pòtásíọ̀mù ló pọ̀ nínú rẹ̀.