Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o: àwa márùn-ún là ń ṣe fídíò YouTube, kí ló dé tí ọ̀kan kì í tètè jáde?

Ọmọ Aláró:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará gúrúùpù yìí, ẹ sì kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ló wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dá sí torí ó ti ń sú mi. Àwa márùn-ún la jọ ń ṣe fídíò sórí YouTube, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wa la máa ń lọ bá, aláró, amọ̀kòkò, ahunṣọ, ká lè ya fídíò wọn sílẹ̀ nígbà táwọn àgbà tó mọ iṣẹ́ náà dénú ṣì wà láyé. Ìbàdàn lèmi wà, èmi ni mò ń wá ẹni tá a máa lọ bá, èmi náà ni mò ń kọ skríìpù. Àwọn méjì ló ń gbé kámẹ́rà, ọ̀kan ń gbé Ọ̀yọ́, ìkejì ń gbé Ìṣẹ́yìn. Èkó ni ẹ́dítọ̀ wa wà, àbúrò mi obìnrin tó wà ní Peckham ní London ló ń fi ohùn sí i. Kò sẹ́ni tó ń gbowó, ìfẹ́ iṣẹ́ yìí ló kó wa jọ.

Wàhálà wa rèé: fídíò ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, ó lè tó oṣù kan kó tó jáde. Tí wọ́n bá yà á tán wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ẹ́dítọ̀ lórí WhatsApp, kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ àwòrán á ti di bàìbàì, á ní kí wọ́n tún un fi ránṣẹ́, dátà á tán, a tún dúró dìgbà tówó dátà míì bá yọ. Tó bá wá ṣe é tán tó gbé e sínú gúrúùpù wa, ariwo dé nìyẹn. Ọ̀kan á ní kó yọ ibi tí bàbá yẹn ti ń rẹ́rìn-ín, ìkejì á ní ibẹ̀ gan-an ló dùn jù, ẹlòmíì á fi voice note gígùn ránṣẹ́ pé "ibì kan báyìí lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ta òwú", ẹ́dítọ̀ á máa wá ibi kan báyìí yẹn kiri. Ó ti ń sọ pé òun fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀, mi ò sì fẹ́ kó lọ rárá torí ọwọ́ ẹ̀ dáa.

Èyí tó wà nílẹ̀ báyìí ni ti ahunṣọ n'Ìṣẹ́yìn. Iná ṣọ́ọ̀bù yẹn ń ṣẹ́jú nínú fídíò ṣáá, bẹ́ẹ̀ ojú lásán ò rí i nígbà tá à ń yà á, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sì bo ìró òfì mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní tíìmù, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Ẹ́dítọ̀ Ìkòròdú:
Ẹ bá mi kí ẹ́dítọ̀ yín o, mo mọ ohun tójú ẹ̀ ń rí. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti WhatsApp. Tẹ́ ẹ bá fi fídíò ránṣẹ́ lásán, ṣe ló máa fún un pọ̀, ohun tó bá sì ti yọ kúrò nínú ẹ̀ ò ní padà wá mọ́. Bó bá di dandan kẹ́ ẹ gbabẹ̀, "Document" ni kẹ́ ẹ mú, ó ń gba fáìlì tó tó 2GB, bẹ́ ẹ ṣe yà á náà ló máa dé. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò ẹ̀ wò ná. iPhone tó ń yà ní 1080p (àwòrán tó mọ́ dáadáa), 30fps (àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), tẹ́ ẹ bá fi sí High Efficiency tó ń jẹ́ kí fáìlì kéré, nǹkan bí 60MB ló ń jẹ ní ìṣẹ́jú kan, 3.6GB ní wákàtí kan nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá gbé e sí 4K, tó mọ́ ju 1080p lọ, 170MB ni ìṣẹ́jú kan, wákàtí kan á lé ní 10GB. Google Drive ọ̀fẹ́ ò sì ju 15GB, ímeèlì àti fọ́tò yín wà nínú ẹ̀. Torí náà ibi tí bàbá bá ti jókòó tó ń sọ̀rọ̀, 1080p ti tó, ìgbà tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ọwọ́ ẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ kéèyàn rí òwú lọ́kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ lo 4K.

Èyí tó pọ̀ jù fún dátà, ẹ fi mẹ́mórì káàdì ránṣẹ́ ní páàkì bí wọ́n ṣe ń fẹrù ránṣẹ́. Mọ́tò Ìṣẹ́yìn sí Èkó ò ní pẹ́ tó dátà yẹn. Ẹ kàn rí i pé ẹ ti da gbogbo ẹ̀ sí ibi méjì kí káàdì tó kúrò lọ́wọ́ yín, kẹ́ ẹ má sì pa ohunkóhun rẹ́ àfi tí ẹ́dítọ̀ bá ní òun ti ṣí i, gbogbo ẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ pé DaVinci Resolve, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń gé fídíò, ló ń lò, kó ṣe proxy, ìyẹn ẹ̀dà kékeré tí lápútọ́ọ̀pù ẹ̀ lè gbé, ó wà nínú tọ̀fẹ́ náà, nígbà tó bá fẹ́ gbé e jáde ló máa padà sí ojúlówó.

Ìyá Ìbejì:
Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yẹn dáa ṣùgbọ́n sí mi o, fáìlì kọ́ ló ń pa yín. Kò sẹ́ni tó lẹ́nu ìkẹyìn láàárín yín, òun ló fà á. Àwa tá à ń ṣe fídíò oúnjẹ, ẹnìkan ṣoṣo ló máa ń sọ pé ó ti tó, tónítọ̀hún bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ó parí. Ìwọ tó o kọ skríìpù tó o sì bá àwọn bàbá yẹn sọ̀rọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ìwọ ló yẹ. Kí gbogbo yín sọ tẹnu yín, kó o kó o jọ, kó o yan èyí tó bá iṣẹ́ mu, kí ẹ́dítọ̀ máa gbọ́ tìẹ nìkan. Kó gbé e sórí YouTube ní "Unlisted", ẹni tó bá ní líńkì nìkan ló máa rí i, kí kálukú kọ àkókò sílẹ̀, 3:42 ohùn lọ sílẹ̀, 5:10 orúkọ bàbá ò pé. Kọ ọ́ o, ẹ fi voice note sílẹ̀. Àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ gbé e jáde.

Ti Peckham yẹn ńkọ́, ṣé lẹ́yìn tí ẹ́dítọ̀ bá ti gé e tán ni àbúrò ẹ ń sọ̀rọ̀ sí i?

Ọmọ Aláró:
Ẹ ṣé mà. Bẹ́ẹ̀ ni, á wo èyí tó ti gé, á wá sọ̀rọ̀ lé e lórí, ẹ́dítọ̀ á tún wá gé e kó lè bá ohùn ẹ̀ mu.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ń ṣiṣẹ́ kan náà nìyẹn. Ohùn ni kó kọ́kọ́ dé. Tó o bá ti gbọ́ ohun tí bàbá sọ, parí skríìpù, fi ránṣẹ́ sí i, kó sọ ọ́ sínú fóònù ní yàrá tí kátéènì àti bẹ́ẹ̀dì wà kó má baà dún gbọn-gbọn, ẹ́dítọ̀ á wá to àwòrán sórí ohùn yẹn. Tèmi, ẹ má yọ ẹ̀rín bàbá yẹn o.

Ojú Kámẹ́rà:
Iná tó ń ṣẹ́jú yẹn, ìdí ẹ̀ wà. Iná ìjọba níbí, 50Hz ni, gílóòbù ń tàn ó ń dín ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ojú wa ò lè rí i, kámẹ́rà ń rí i. Kí wọ́n gbé shutter, ìyẹn bí ojú kámẹ́rà ṣe ń pẹ́ tó láti gba ìmọ́lẹ̀ fún àwòrán kọ̀ọ̀kan, sí 1/50 tàbí 1/100 ìṣẹ́jú àáyá, á lọ. Ọ̀pọ̀ fóònù, ẹ máa nílò ápù tó ń jẹ́ kéèyàn fọwọ́ yí i. Tó bá jẹ́ LED olówó pọ́ọ́kú, ó lè máà gbọ́, ẹ pa á, kẹ́ ẹ gbé òfì sún mọ́ ẹnu ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ìta ti ń wọlé, tí bàbá bá gbà o.

Ìró òfì, ẹ padà lọ gbà á. Fóònù kejì ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ ìtẹsẹ̀, kẹ́ ẹ gba ohùn nìkan, ọ̀kọ̀ tó ń kọjá láàárín òwú, ẹsẹ̀ tó ń tẹ̀, ìgbà tí wọ́n ń gbá òwú wọlé. Ní àárọ̀ kùtù, kí jẹnẹrétọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ lọ bẹ aládùúgbò, ìṣẹ́jú díẹ̀ náà ni. Ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan níwájú kámẹ́rà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ibi tí àtẹ́wọ́ yẹn bá ti dún ni ẹ́dítọ̀ máa fi so ohùn mọ́ àwòrán, kò ní máa wá a fún odindi ọ̀sán.

Bọ̀dá Jídíò:
Mẹ́rin mẹ́rin ni kẹ́ ẹ máa yà lọ́jọ́ kan, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ aṣọ, ìyẹn ló yára jù.

Ojú Kámẹ́rà:
Bọ̀dá, ìyẹn á ṣiṣẹ́ fún ẹni tó jókòó síwájú kámẹ́rà. Aláró tó fẹ́ po aró ẹ̀lú, ó máa ń dúró fún ọjọ́ mélòó kan kó tó kan, ẹ ò lè lé e. Ohun tí wọ́n lè ṣe ni kí wọ́n lo gbogbo ọjọ́ yẹn lọ́dọ̀ ẹnìkan, kí wọ́n fi yọ fídíò gígùn kan àti Shorts, fídíò kéékèèké ti YouTube, bíi mélòó kan.

Ọmọ Aláró:
Orí mi ti ń fúyẹ́, ẹ ṣé gan-an. Ẹ dákun, ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù. Ímeèlì ọ̀kan nínú àwọn oníkámẹ́rà la fi ṣí ṣánẹ́ẹ̀lì yìí, gbogbo wa la mọ páswọ̀ọ̀dù ẹ̀. A ti ń sún mọ́ ibi tí YouTube á ti máa sanwó, mi ò fẹ́ kó dìjà.

Akáǹtì Ọ̀rẹ́:
Ẹ pààrọ̀ páswọ̀ọ̀dù yẹn lónìí. Nínú YouTube Studio, "Settings" lẹ máa wọ̀, lẹ́yìn náà "Permissions", kẹ́ ẹ fi ímeèlì kálukú sí i. Ẹ́dítọ̀ yín, ẹ fi sí Editor, ó lè gbé fídíò sókè, ó lè tún àkọlé ṣe, kò lè pa ṣánẹ́ẹ̀lì rẹ́. Ìwọ jẹ́ Manager. Ẹni tó ni ímeèlì yẹn ló ṣì máa jẹ́ Owner, ẹ jọ jókòó bá a sọ̀rọ̀ bóyá kẹ́ ẹ gbé e lọ sórí ímeèlì tíìmù.

Ní ti owó, kẹ́ ẹ tó lè gba ti ìpolówó, 1,000 subscriber àti 4,000 wákàtí táwọn èèyàn fi wò yín láàárín oṣù 12, tàbí kí Shorts yín ní mílíọ̀nù 10 view láàárín ọjọ́ 90. YouTube á mú tiẹ̀, 55% ni ti yín lórí fídíò gígùn, AdSense, ibi tí Google ti ń san owó ìpolówó, ò sì ní san án títí á fi pé $100. Inú akáǹtì ẹnìkan ló máa wọ̀, ìyẹn ló fi yẹ kẹ́ ẹ kọ bẹ́ ẹ ṣe máa pín in sílẹ̀ nísinsìnyí tí kò tíì sí nǹkan kan lórí tábìlì, kí gbogbo yín buwọ́ lù ú. Ẹ yọ owó dátà àti owó mọ́tò kẹ́ ẹ tó pín, ẹ má sì gbàgbé àwọn bàbá àtàwọn ìyá tẹ́ ẹ ń yà.

Ọmọ Aláró:
Ti àwọn àgbà yẹn wà lọ́kàn mi gan-an, màá gbé e sínú ìwé náà. Mo ti pe àbúrò mi ní Peckham, ó ti gbà pé ohùn lá máa kọ́kọ́ ṣe. Àwọn ìyá amọ̀kòkò ní Dàda n'Ílọrin ló kàn, a ò tíì mọ ìgbà tó yẹ ká dé ibẹ̀.

Ojú Kámẹ́rà:
Ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ bèèrè ọjọ́ tí wọ́n máa sun ìkòkò, torí tẹ́ ẹ bá dé lọ́jọ́ tí wọ́n ń mọ ọ́n nìkan ẹ máa tún mọ́tò wọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ sùn sí ìtòsí, ẹ gbé ohun tẹ́ ẹ lè fi bo kámẹ́rà dání nítorí eérú.