Kí ni ká béèrè lọ́wọ́ ìjọba nítorí àwọn òbí wa tó ń ṣarán?

Àbẹ̀kẹ́ Òkè-Àdó: Ẹ kú ilé o. Aṣòfin àdúgbò wa ní ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ká wá sọ ohun tá a fẹ́ kí bọ́jẹ́ẹ̀tì tó délẹ̀. Àwa tá à ń tọ́jú òbí tó ń ṣarán ní ẹgbẹ́ kékeré kan, èmi ni wọ́n sì ní kí n kọ ìwé náà. Ìyá mi á bu iyọ̀ sọ́bẹ̀, wọ́n á dé e, wọ́n á ṣí i, wọ́n á tún bu òmíràn. Wọ́n á kì mí, oríkì náà ò ní yingin, wọ́n á wá ní, "Ọmọ ta tiẹ̀ nìwọ?" Tó bá di alẹ́, wọ́n á di ẹrù, àwọn ń lọ sílé, nínú ilé tí àwọn fúnra wọn kọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n rí wọn níta lóru, ọ̀rọ̀ àjẹ́ làwọn kan ń sọ lábẹ́lẹ̀.

Èmi fẹ́ kọ ọ́ pé kí ìjọba fowó sí ìwádìí àrùn yìí. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nípàdé: "Ṣé ìwádìí la ó fi fọ aṣọ Màmá?" Kí ni kí n kọ gan-an?

Káńsẹ́lọ̀ Àná: Àbẹ̀kẹ́, má bínú. Lọ́dún 2001, ní Abuja wa níbí, àwọn olórí Áfíríkà fẹnu kò pé ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún bọ́jẹ́ẹ̀tì á máa lọ sí ìlera. Nàìjíríà tó gbà wọ́n lálejò kò tíì débẹ̀ rí. Lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé àdúgbò rẹ lọ́la, ní kí wọ́n wọn ìfúnpá rẹ, kó o wá sọ ohun tó o bá bá níbẹ̀. Ìwádìí ọpọlọ kẹ̀!

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìn Tì: Ìfúnpá tí Káńsẹ́lọ̀ ń sọ yẹn gan-an ló kan ọpọlọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọn ò tọ́jú, àtọ̀gbẹ, etí dídi, ojú tí kò ríran dáadáa, gbogbo wọn wà lára ohun 14 tí ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ìwé ìṣègùn Lancet kà sílẹ̀ lọ́dún 2024. Wọ́n ní bí a bá kápá wọn tán, ó ṣeé ṣe ká dènà ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún àrùn yìí, tàbí kó pẹ́ kó tó dé.

Ìwádìí ò sì ṣàjèjì sí Ìbàdàn. Lọ́dún 1992 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ògúnníyì, pẹ̀lú Hugh Hendrie láti Yunifásítì Indiana, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí wọn ní Ìdíkàn, àdúgbò kan n'Ìbàdàn, tí wọ́n ń fi àwọn àgbà ibẹ̀ wé àwọn adúláwọ̀ Indianapolis l'Amẹ́ríkà. Ẹ ò lè ní kí màmá tí kò kàwé rí wá kọ gbólóhùn fún yín. Nítorí náà, wọ́n bi àgbà fúnra rẹ̀ léèrè, wọ́n tún bi ẹni tó ń bá a gbé. Èsì tó jáde ní 2001 nìyí: nínú àgbà 1,000 tó ti pé ọmọ ọdún 65, bíi 25 ni Alzheimer's, irú àrùn ìṣarán tó wọ́pọ̀ jù, ń mú lọ́dọọdún ní Indianapolis, ní Ìdíkàn, bíi 12. Kí ló ń dáàbò bo tiwa? Ṣé ó ṣì ń dáàbò bò wá báyìí tá à ń jẹ indomie, tí ọ̀kadà ń gbé wa dé ẹnu ọ̀nà? Ìjọba Amẹ́ríkà ló sanwó ti Ìdíkàn. Ẹni tó ń sanwó ló ń pinnu bóyá wọ́n á tún padà wá béèrè.

Ọmọ Ìbàdàn ní Peckham: David Cameron, olórí ìjọba Britain nígbà náà, ṣèlérí níbí ní 2012 pé owó ìwádìí àrùn yìí á fi ìlọ́po méjì lé sí i, á di £66 mílíọ̀nù tó bá fi máa di 2015. Iye owó wà níbẹ̀, ọdún wà níbẹ̀, wọn ò rí ibi sá sí. Kọ iye owó, Àbẹ̀kẹ́.

Káńsẹ́lọ̀ Àná: Nọ́ọ̀sì, mo gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ má dárúkọ UCH, ilé ìwòsàn ńlá Ìbàdàn, o! Ti ìjọba àpapọ̀ ni. Aṣòfin ìpínlẹ̀ á ní kò kan òun, á bá yín ya fọ́tò, ó parí. Yunifásítì LAUTECH ni kẹ́ ẹ kọ, ilé ìwòsàn wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Láti 2020, Ọ̀yọ́ nìkan ló ni ín.

Àbẹ̀kẹ́ Òkè-Àdó: Ẹ ṣé gan-an. LAUTECH ni màá kọ: kí owó wà lọ́dọọdún tí wọ́n á fi máa wá àwọn àgbà tó ń ṣarán kàn, nígboro àti lóko. Màá fi ìfúnpá ọ̀fẹ́ fún ẹni tó ti lé ní 60 mọ́ ọn, pẹ̀lú oògùn rẹ̀, kí rédíò ìpínlẹ̀ sì máa sọ ọ́ pé àìsàn ni, kì í ṣe àjẹ́. Nọ́ọ̀sì, màá pè yín ká jọ ṣírò owó náà. Káńsẹ́lọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá wa dé ìpàdé? Ẹ̀yin lẹ mọ ibi tí wọ́n máa ń yọ́ gbà.