White Dwarf ayé ọjọ́un àti ti òde òní, ṣé ìwé kan náà ni?

Ọmọ_Ìsinkàn:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn látọjọ́ Sátidé. A lọ palẹ̀ yàrá ẹrù mọ́ nílé bọ̀ọ̀dá ìyá mi ní Ọ̀bà-Ilé torí wọ́n fẹ́ kí tẹ́náǹtì wọ ibẹ̀, ni mo bá rí páálí kan lábẹ́ àwọn àpò sìmẹ́ńtì òfìfo. Ìwé ìròyìn géèmù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ White Dwarf ló wà nínú ẹ̀, mọ́kànlá. Ikán ti jẹ méjì, kò ṣe é ṣí mọ́ rárá, àmọ́ mẹ́sàn-án tó kù ṣì dáa, 1983 sí 1985 ni gbogbo wọn. Bọ̀ọ̀dá wa yẹn kàwé nílùú òyìnbó nígbà yẹn, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n gbá géèmù rí, ibi iṣẹ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì nìkan la mọ̀ wọ́n mọ́.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò mọ̀ mí, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́rin la máa ń gbá Warhammer ní Ìsinkàn níbí lọ́sàn-án Sátidé. Pákó pẹlẹbẹ kan la máa ń gbé lé orí bẹ́ǹṣì méjì, a ó to àwọn sójà kéékèèké wa sí i, tépù télọ̀ la fi ń wọn ibi tí sójà lè rìn dé torí ínǹṣì ni wọ́n fi kọ òfin ẹ̀, lẹ́yìn náà la ó da dáìsì. Ọ̀kan nínú wọn tó ti London dé mú White Dwarf ti 2023 kan bọ̀ wá fún mi, òun nìkan ṣoṣo ni mo sì ní, mo ti kà á kà á títí ẹ̀yìn ẹ̀ fi já.

Ìgbà tí mo wá tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bọ̀ọ̀dá wa, ẹnu yà mí. Ti àtijọ́ yẹn, dúdú àti funfun ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, lẹ́tà ẹ̀ há bíi ti Bíbélì kékeré, géèmù ilé iṣẹ́ oríṣiríṣi ló wà níbẹ̀, Dungeons & Dragons, RuneQuest, Traveller, ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ lórí ìwé ìtàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, àwọn òǹkàwé ń bá ara wọn jiyàn nínú lẹ́tà, ibì kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé àwọn òǹkàwé fúnra wọn ló ń ṣẹ̀dá ẹranko abàmì fi ránṣẹ́, Fiend Factory ni wọ́n pè é. Bọ̀ọ̀dá wa fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ojú ewé yẹn, àmọ́ omi ti kàn án, mi ò lè kà á. Ti 2023 yìí ńkọ́, bébà ẹ̀ ń dán, fọ́tò kún un bámúbámú, àwọn sójà tí wọ́n kùn débi tí wàá fi rí ìpéǹpéjú wọn, ṣùgbọ́n látìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọjà Games Workshop, ilé iṣẹ́ tó ń tẹ̀ ẹ́, nìkan ni.

Ṣé ìwé kan náà ni lóòótọ́, àbí orúkọ nìkan ni wọ́n jọ ń jẹ́? Ta ló yí i padà, ìgbà wo, kí ló fà á? Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n látijọ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Alágbàká:

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ o. Ìwé kan náà ni. Jẹ́ kí n to ìtàn ẹ̀ fún ẹ torí mo wà ní Birmingham láàárín 1984 sí 1989, oṣooṣù ni mo sì ń rà á.

1975 ni àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta kan ní London, Ian Livingstone, Steve Jackson àti John Peake, dá Games Workshop sílẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń tà, á yà ọ́ lẹ́nu, ọpọ́n onígi ni, Peake ló ń ṣe é, ọpọ́n ayò sì wà nínú ẹ̀! Mancala ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún, ayò ọlọ́pọ́n tí àwọn bàbá wa ń ta lábẹ́ igi yìí, ìdílé kan náà ni. Ilé iṣẹ́ tí gbogbo ayé wá mọ̀ mọ́ sójà kéékèèké, ọ̀dọ̀ ayò ló ti bẹ̀rẹ̀, inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí.

Wọ́n ń tẹ ìwé kékeré kan tó ń jẹ́ Owl and Weasel, òun ló ṣáájú, kí White Dwarf tó jáde ní June 1977, Livingstone ni olóòtú ẹ̀. Oṣù méjì méjì ló ń jáde nígbà yẹn, 1982 ló di oṣooṣù. Àwọn gan-an ni wọ́n ń kó Dungeons & Dragons wọ Yúróòpù láti Amẹ́ríkà, ọjà ẹlòmíì ni wọ́n ń tà, ọ̀rọ̀ ọjà ẹlòmíì náà ni wọ́n ń kọ. Òǹkàwé ló sì ń kọ púpọ̀ nínú ẹ̀. Fiend Factory tó o rí yẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré o. Ọmọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Charles Stross, kò tíì pé ogún ọdún, ó ṣẹ̀dá àwọn ẹ̀dá abàmì kan tó pè ní githyanki, ó fi ránṣẹ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́, nígbà tí wọ́n wá kó àwọn ẹranko abàmì yẹn jọ sínú ìwé Fiend Folio ní 1981, githyanki ni wọ́n yà síwájú ìwé náà. Ọmọdé jókòó sílé ẹ̀ ronú, gbogbo ayé wá ń fi ohun tó rò gbá géèmù.

Ohun tó yí i padà ni pé wọ́n di oníṣẹ́ ọwọ́. Ilé iṣẹ́ kan tó wà lábẹ́ wọn, Citadel, bẹ̀rẹ̀ ní 1979, àwọn ló ń rọ àwọn ère kéékèèké láti inú òjé, Bryan Ansell ló wà nídìí ẹ̀. 1983 wọ́n gbé Warhammer jáde kí àwọn èèyàn lè máa rí ibi lo ère yẹn lọ́pọ̀. Ó wá dà bí ìyá kan tó ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Ọjà Ọba, tó ń ta ọṣẹ oríṣiríṣi, tó wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń po ọṣẹ fúnra ẹ̀, èrè tiẹ̀ sì pọ̀ ju ti àgbàtà lọ, díẹ̀díẹ̀ á kó ti àwọn yòókù kúrò lórí pẹpẹ. 1986 wọ́n kó ọ́fíìsì ìwé náà kúrò ní London lọ sí Nottingham, púpọ̀ nínú àwọn tó ń kọ ọ́ ò tẹ̀ lé wọn. 1987 Warhammer 40,000, èyí tí ogun ẹ̀ wà ní ọjọ́ iwájú, dé. Nígbà tó fi máa di 1988, ọjà ẹlòmíì ti tán pátápátá nínú ẹ̀.

Mo rántí ọjọ́ tí mo rà á lọ́dọ̀ oníwèé ìròyìn àdúgbò wa, tí mo ń ṣí i lójú ọ̀nà, tí mi ò rí Traveller, tí mi ò rí RuneQuest, mo pa á dé mo tún wo iwájú ẹ̀ bóyá òmíì ni mo gbé. Ìpolówó ti wà nínú ẹ̀ látilẹ̀, ìyẹn ò bí mi nínú rí. Àwa òǹkàwé ni wọ́n kó jáde, a wá di ẹni tó ń wòran nínú ìwé tá a jọ ń kọ. Mo rà á fún bí oṣù mẹ́rin sí i, mo dáwọ́ dúró.

FUTA_SouthGate:

Ẹ káalẹ́ o ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an fún ìtàn yìí, ibi githyanki yẹn ni mo ti fò dìde torí Lae'zel inú géèmù kọ̀ǹpútà Baldur's Gate 3, githyanki ni, mi ò mọ̀ rárá pé inú ìwé yìí ló ti jáde wá.

Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n gbèjà ti ìsinsìnyí díẹ̀. Ìyípadà tí ẹ sọ yẹn kọ́ ni ìkẹyìn. Ní February 2014 wọ́n sọ ọ́ di ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, ó wá fẹ́lẹ́, wọ́n tún ya òmíì sọ́tọ̀ tó ń jẹ́ Warhammer: Visions, ìyẹn fọ́tò ṣáá ni, ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ò tó nǹkan. Ìyẹn ni mo gbà pé ó burú jù nínú gbogbo ẹ̀, kò sí ibi téèyàn fẹ́ jókòó kà. September 2016 wọ́n dá a padà sí oṣooṣù, ìwé náà nípọn, wọ́n fi ère ike kan sí i lọ́fẹ̀ẹ́, Slaughterpriest, àwọn èèyàn rà á gan-an. 2024 ni nọ́ńbà 500 jáde. Ìwé tó bẹ̀rẹ̀ ní 1977 tó ṣì ń jáde lórí bébà títí dòní, ẹ̀gbọ́n, mélòó nínú àwọn ìwé ìròyìn tí ẹ ń kà nígbà yẹn ló ṣì wà?

Ẹ tún wò ó, nígbà tiyín, ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tuntun tó ń bọ̀, inú ìwé yẹn ló máa dúró dè é. Lónìí kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ tán, ìròyìn ti dé orí fóònù mi ní họ́sítẹ̀lì. Àríyànjiyàn àwọn òǹkàwé náà ti kó lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibi tá a wà yìí náà ni. Kí ló wá kù fún bébà? Ohun téèyàn máa tẹ́ síwájú ara ẹ̀ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kun ojú sójà. Mo máa ń gbé ìwé náà lé orí ìrọ̀rí, mo fi àfọ́kù àwo ṣe ibi tí mò ń po ọ̀dà, wọ́n fi hàn mí ní fọ́tò kọ̀ọ̀kan pé kí n kọ́kọ́ fi àwọ̀ tó dúdú sí i, kí n fi omi la ọ̀dà kó má baà dì mọ́ imú àti ẹnu, kí ó gbẹ, kí n tún fi àwọ̀ tó mọ́ jù ú lọ kan ibi tó yọ nìkan, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, imú, àgbọ̀n. Ọ̀yẹ́ ló ń fẹ́ nígbà yẹn, ọ̀dà ń gbẹ lórí búrọ́ọ̀ṣì kí n tó gbé e dé ibi tí mò ń lọ, mo ń fi omi sí i ṣáá. Ìgbà tí mo parí ẹ̀ mo gbé e síbi wíńdò, ojú yẹn wá dà bíi ti èèyàn. Ẹni tó kọ ojú ewé yẹn kọ́ mi níṣẹ́, ìpolówó ò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìyá_Tádé_Òǹdó:

Ẹ kú àsọyé o gbogbo yín. Tíṣà ni mí ní Òǹdó, ọmọ mi ló kó mi wọ inú géèmù yìí, èmi ni mo wá ń ṣe òkè àti ilé fún wọn.

Lójú tèmi, ibi tí ìwé náà ti dùn jù ni àárín gbùngbùn tí ẹ̀yin méjèèjì fò, láti ìparí àwọn ọdún 1980 wọ 1990. Òótọ́ ni pé ọjà tiwọn nìkan ni wọ́n ń tà nígbà yẹn, ṣùgbọ́n wọn ò tíì ní gbogbo nǹkan lórí àtẹ, nítorí náà wọ́n ń kọ́ èèyàn láti fi pàǹtírí ṣe é. Nígbà tí Warhammer 40,000 ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tí kò sí ọkọ̀ ogun fún un, wọ́n fi han àwọn òǹkàwé bí wọ́n ṣe lè fi ike ìpara abíyá ṣe ọkọ̀ ogun! Ẹ dá a dùbúlẹ̀, ẹ lẹ nǹkan mọ́ ọn, ẹ kùn ún. Wọ́n tún ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń fi fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n ṣe òkè. Ẹni tó wà ní Òǹdó lè ṣe gbogbo ìyẹn láì san kọ́bọ̀ fún ẹrù òkè òkun.

Èmi àtàwọn ọmọ kíláàsì mi ṣe òkè kan lọ́dún tó kọjá, a ní kó jọ ti Ìdànrè, àpáta tó ga tó sì dán lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àkọ́kọ́ tá a ṣe bàjẹ́, torí gọ́ọ̀mù àwọn tó ń tún bàtà ṣe ni mo fi lẹ̀ ẹ́, ó jẹ fóòmù náà wọnú bí ìgbà tí iyọ̀ ń yọ́ nínú omi, àwọn ọmọ ń wò mí. A lọ ra gọ́ọ̀mù funfun ti káfíńtà, ìyẹn ò fọwọ́ kàn án. A fi í kun gbogbo ara ẹ̀, a da yanrìn tá a ti jọ̀ sí i, ọjọ́ kejì a kùn ún dúdú, a wá fi búrọ́ọ̀ṣì tí ọ̀dà eérú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lẹ́nu ẹ̀ fà á lókè lókè. Yanrìn yẹn gbà á, àpáta jáde.

Ohun tí mo rí nínú èyí tó ń jáde báyìí ni pé òkè náà ti wà nínú páálí, wọ́n ní kí n rà á. Wọ́n ṣì ń fi iṣẹ́ ọwọ́ àwọn èèyàn hàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn, ó kàn ti dín kù. Ẹni tí owó wà lọ́wọ́ ẹ̀ ò ní mọ̀ ọ́n lára. Àwa tó jẹ́ pé owó páálí kan tó owó ilé ìwé ọmọ fún táàmù kan, a mọ̀ ọ́n lára gan-an ni.

Ẹ̀gbọ́n_Alágbàká:

Ìyá Tádé, òótọ́ lẹ sọ, mo ti dáwọ́ dúró kí ọ̀pọ̀ nínú ìyẹn tó jáde, mi ò bá tún un rà. Àbúrò FUTA, mo gbà fún ẹ lórí ọ̀rọ̀ ojú sójà. Àmọ́ ẹni tí wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń kun githyanki, kò tíì dé ibi tí ẹni tó ṣẹ̀dá githyanki dé. Ibẹ̀ lèmi dúró sí.

Ọmọ Ìsinkàn, ẹ tètè kó ìwé yẹn kúrò nílẹ̀ o, ẹ fi káfúrà sínú páálí tuntun, kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò gbogbo ojú ewé.

Ọmọ_Ìsinkàn:

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti kó wọn sínú ike onídèérí, káfúrà ti wà níbẹ̀.

Mo pe bọ̀ọ̀dá wa láàárọ̀ yìí. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n á ní kí n dáná sun wọ́n, ńṣe ni wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ lórí fóònù, wọ́n wá béèrè bóyá ibi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ pẹ́ńsù sí ṣì wà. Ẹgbére ni wọ́n kọ síbẹ̀. Wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Fiend Factory, kúkúrú inú igbó tó ń gbé ẹní kiri tó ń sunkún, wọ́n ti ro gbogbo òfin ẹ̀: ẹni tó bá gba ẹní lọ́wọ́ ẹ̀ á lówó, ṣùgbọ́n ẹkún ẹ̀ á máa tẹ̀ lé e, gbogbo ìgbà tó bá da dáìsì ni wọ́n á máa yọ ọ̀kan kúrò títí tó fi máa dá ẹní náà padà. Ìdánwò dé, wọn ò rí i fi ránṣẹ́, nígbà tí wọ́n sì máa fi padà sórí ẹ̀, ìwé náà ò gba irú ẹ̀ mọ́.

Wọ́n ka gbogbo òfin yẹn fún mi látorí, láti 1985, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti ń fi amọ̀ mọ ẹgbére náà, ẹní ẹ̀ ni mo fi koríko gbígbẹ hun, kò ju èékánná àtàǹpàkò mi lọ. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ ní Ìsinkàn ní Sátidé, aago méjì. Ìyá Tádé, tẹ́ ẹ bá lè gbé òkè Ìdànrè yẹn wá, a máa nílò ẹ̀.