Ṣé kí n pààrọ̀ processor laptop T420 mi, àbí kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. ThinkPad T420 ni mo ń lò, ti ọdún 2011. Processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) i5-2520M ló wà nínú rẹ̀: core 2, ìyẹn apá méjì tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀, wáàtì 35. RAM rẹ̀ jẹ́ 8GB. Mo ti yọ hard disk rẹ̀, mo fi SSD, tó yára jù ú lọ, sí i, ìyẹn nìkan ti sọ ọ́ dọ̀tun. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń gé fídíò ìwàásù ṣọ́ọ̀ṣì wa, ilẹ̀ máa ń ṣú bá mi nídìí rẹ̀ ni.

Processor yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n jó mọ́ bọ́ọ̀dù, ó ṣeé yọ. Ẹnìkan ní Computer Village, Ìkẹjà, fẹ́ ta i7-2720QM tòkunbọ̀ fún mi, core 4. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé wáàtì 45 ni tirẹ̀, ooru Ìbàdàn ò sì kéré. Bátìrì ńkọ́, nígbà tí iná bá lọ?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, báwo ló ṣe ń gbóná tó? Ṣé fáànù rẹ̀ gbé e? Àbí kí n kúkú mú i7-2640M, wáàtì 35, bó tilẹ̀ jẹ́ pé core 2 náà ni? Owó tí mo tù jọ kò pọ̀, mi ò fẹ́ kó ṣòfò.